Ìjọba ní bísínẹ́ẹ̀sì kéékèèké ń rí kọ́ńtíráàtì gbà, ta ni wọ́n ń gbé e fún gan-an?

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kọ́ńpìnì kékeré kan ní Houston níbí, ọ́fíìsì là ń bá wọn gbá tá a sì ń nù, àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe é. Lọ́dọọdún ni mo ń gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé kọ́ńtíráàtì tó lé ní 23% fún bísínẹ́ẹ̀sì kéékèèké, síbẹ̀ kò kàn wá rí. Ṣé irọ́ ni rìpọ́ọ̀tù yẹn ni, àbí ibo la ti lè rí orúkọ àwọn tó ń gbà á?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, kì í ṣe irọ́ o, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá ò sí nínú 23% yẹn. Owó ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, wọn kì í ka iye èèyàn tó ríṣẹ́ gbà. SBA, ìyẹn ẹ́jẹ́ńsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì kéékèèké, ló máa ń gbé èsì jáde lọ́dọọdún, wọ́n á fún ẹ́jẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ní máàkì látorí A+ dé F bíi ti ọmọ iléèwé, kọ́ńtíráàtì ńlá kan ṣoṣo sì lè gbé máàkì yẹn sókè kí ọ̀pọ̀ èèyàn bíi tiyín má rí nǹkan kan. Àti pé "kékeré" tí wọ́n ń wí yìí, kì í ṣe kékeré tiwa rárá: fún iṣẹ́ ìgbálẹ̀, ìyẹn kódù 561720 tí ìjọba fi ń dá irú iṣẹ́ yẹn mọ̀, kọ́ńpìnì tó ń rí 22 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún ṣì jẹ́ kékeré lójú òfin. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀, torí irú wọn lẹ jọ ń du iṣẹ́ kan náà.

Orúkọ àwọn tó ń gbà á wà ní USAspending.gov, ìkànnì tí ìjọba ti ń fi bó ṣe ń náwó hàn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ 561720 síbi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ mú Texas, ẹ ó rí ẹni tó gbà á, iye owó ẹ̀, ẹ́jẹ́ńsì tó gbé e síta àti ọjọ́ tó máa parí (ti iléeṣẹ́ ológun máa ń pẹ́ tó 90 ọjọ́ kó tó hàn). Ọjọ́ tó máa parí yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dì mú. Èyí tó bá ku bí ọdún kan kó tán, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì OSDBU ẹ́jẹ́ńsì náà (àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì kéékèèké níbẹ̀), ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa yà á sọ́tọ̀ fún bísínẹ́ẹ̀sì kéékèèké tó bá dìgbà yẹn. Ẹni tó mú nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì dání, ìdáhùn tiẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí tẹni tó kàn ní òun ń wáṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo ìforúkọsílẹ̀ yín ní SAM.gov lónìí, ìyẹn ibi téèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ kó tó lè gba kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, mo mọ obìnrin kan tó kó gbogbo ìwé ẹ̀ jọ tán, ọjọ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ ló tó rí i pé tòun ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta, bí iṣẹ́ yẹn ṣe bọ́ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ lòun náà, tẹ́nì kan bá kọ ímeèlì pé kẹ́ ẹ wá sanwó kóun bá yín tún un ṣe, ẹ má dá a lóhùn, àwọn APEX Accelerator, ìyẹn àwọn ọ́fíìsì tí ìjọba ń náwó lé lórí kí wọ́n lè ran bísínẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ lórí kọ́ńtíráàtì ìjọba, ń bá èèyàn ṣe é láìgba kọ́bọ̀.