Sọ́mà Lẹ́ẹ̀sìn: Ṣé Dandan Ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ táwọn ọmọ ti gba ọlidé táàmù kẹta ní ìparí oṣù July, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń kọ sí mi, lẹ́ẹ̀sìn, lẹ́ẹ̀sìn, lẹ́ẹ̀sìn ṣáá. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀, mo gé àwọn tó gùn jù kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò kí ọkọ ẹnikẹ́ni má baà wá ká mi mọ́lé.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tíṣà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Práímárì 3. Súkúù wọn ní sọ́mà lẹ́ẹ̀sìn wà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, Monday sí Friday, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, wọ́n tún ní dandan ni torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Práímárì 4. Bàbá ẹ̀ ní òun ò ní sanwó kankan, pé kọ́mọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìṣẹ́yìn kó lọ sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá fi máa dé ní September á ti gbàgbé gbogbo ẹ̀, táìmù-tébù tí mo fi ẹnu àti ẹgba kọ́ ọ yẹn ńkọ́? Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìbàdàn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn bàbá ọmọ ná, màá padà wá gbè sẹ́yìn yín.

"Dandan" tí wọ́n sọ yẹn ò bá mi lára mu rárá. Táàmù mẹ́ta ló wà nínú ọdún kan, owó táàmù mẹ́ta lẹ sì ti san. Iṣẹ́ Práímárì 4, September ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo ọmọ bá ti pé. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní August, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọ tí òbí ẹ̀ ò rówó san, àti èyí tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ súkúù yẹn? Wọ́n á tún un kọ́ ni. Tí wọ́n bá sì máa tún un kọ́, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sanwó nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ lọ bi wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má jà o, ẹ kàn rọra bi wọ́n kẹ́ ẹ wá máa wo ojú wọn.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà, 22 lọ́dọ̀ ìjọba, 9 ní súkúù aládàáni, torí náà mo mọ bí kíláàsì ṣe máa ń rí ní August. Òjò á ti sú, ojú gbogbo wọn á ti wúwo, ẹni tó ń kọ́ wọn gan-an ti rẹ̀ ẹ́, a ó kàn máa kọ sára pátákó kí wọ́n máa dà á kọ ni. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan, tó bá ti di aago mẹ́wàá báyìí á ti gbórí lé ìwé, oorun ti dé nìyẹn. Mi ò jẹ́ jí i. Ẹni tó ni súkúù wá bá mi wí, mo ní mà, ọmọ yìí nìkan ló mọ̀ pé ọlidé la wà.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 1996, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Harris Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ lórí ọ̀rọ̀ ọlidé yìí, ohun tí wọ́n rí ni pé, tá a bá pín in dọ́gba, ohun tọ́mọ ń gbàgbé tó iṣẹ́ bí i oṣù kan, ìṣirò sì ń tètè lọ ju ìwé kíkà lọ. Ẹ máa rántí o, ọlidé tiwọn lọ́hùn-ún ń lọ sí bí oṣù méjì ààbọ̀, tiwa ò gùn tó yẹn, àti pé àwọn míì tó wá lẹ́yìn wọn ti ń jiyàn pé bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò yẹn ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ti ìṣirò yẹn ò sì yà mí lẹ́nu. Ọmọ ń rí ọ̀rọ̀ kà lára mọ́tò, lára páálí mílíìkì, lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ta ló máa dá ọmọ dúró lójú títì kó bi í pé mẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ mélòó?

Ibi tí Ìṣẹ́yìn ti wúlò nìyẹn, tí ìyá àgbà bá máa gbà. Kí wọ́n máa rán an lọ sọ́jà, kí wọ́n má kàn fún un ní owó tó ṣe rẹ́gí o. Ká ní kọ́ńgò gààrì kan jẹ́ 1,200 náírà, wọ́n ní kó ra kọ́ńgò méjì ààbọ̀, 5,000 ló mú lọ́wọ́, èló ni ṣéńjì? Kó ti mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀, tí ìyá ológààrì bá wá fún un ní 1,500, ó mọ̀ pé wọ́n ti yan òun jẹ nìyẹn. Táìmù-tébù tí wọ́n bá fi ṣéńjì kọ́ ọmọ kì í tètè gbàgbé ẹ̀, owó ni.

Tàbí kí wọ́n wá ọpọ́n ayò fún un. Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tó gbé ayò, ó gbọ́dọ̀ ti kà á lọ́kàn ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí, bóyá á jẹ àbí kò ní jẹ, kó sì tún wo ohun tí ẹnì kejì lè fi dá a lóhùn. Bàbá àgbàlagbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi yẹn, tí wọ́n ní kò kàwé, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń kà á.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ bi ọmọ yín ní iye owó àti ọjọ́ orí èèyàn ní Yorùbá. Ọmọ Ìbàdàn púpọ̀ ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ka ogún tán, ó di "twenty-one" nìyẹn. Ẹ ní kó pe 35. Márùndínlógójì. 40 ló máa kọ́kọ́ mú, á wá yọ 5. 45 ńkọ́? Márùndínláàádọ́ta, 50 ló ti yọ 5, àádọ́ta yẹn fúnra ẹ̀, 60 la ti yọ 10, ọgọ́ta náà, ogún lọ́nà mẹ́ta ni. Ẹ wo iye ìṣirò tó wà nínú pé èèyàn kàn fẹ́ sọ pé bùọ̀dá òun ti pé ọdún 45! Ìyá àgbà lè fi èyí dá a lójú ní ọ̀sẹ̀ méjì, láìsan kọ́bọ̀.

Ní ti ìwé kíkà, ẹ kó ìwé ìtàn bí i mẹ́rin fún un, kóun fúnra ẹ̀ yàn án o, ẹ má yan èyí tẹ́yin fẹ́, kó dà bí ìwé ọmọdé lójú yín ò kàn yín. Ojú ìwé mélòó kan lójúmọ́, kí wọ́n tó tan tẹlifíṣọ̀n. Tó bá kà á tán ní Gẹ̀ẹ́sì, kó wá sọ ọ́ fún ìyá àgbà ní Yorùbá. Ẹ má rò pé Yorùbá yẹn máa ba Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ práímárì ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, nígbà tí wọ́n parí, àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ tó kù.

Ìlú aṣọ òkè náà sì ni Ìṣẹ́yìn, kó lọ jókòó tì ahunṣọ lọ́jọ́ kan kó bi í léèrè, ọ̀já mélòó ni wọ́n ń rán pọ̀ kó tó di ìró kan? Kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kà á.

Ẹ̀gàn kan ṣoṣo ni mo ní sí ètò bàbá ọmọ. Tó bá jẹ́ pé tọ́mọ bá ti débẹ̀ fóònù ni wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó máa wo káátúùnù, ẹ kúkú sanwó lẹ́ẹ̀sìn. Tó bá sì jẹ́ pé ọmọ yín ò tíì lè ka gbólóhùn kan já, ìyẹn ti yàtọ̀, ẹ wá ẹni táá jókòó tì í, wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tó. Kì í ṣe wákàtí márùn-ún láàárín ogójì ọmọ.

Mà, tíṣà ni mí ní súkúù aládàáni kan ní Ìkòròdú. Tá a bá ti gba ọlidé wọn kì í san owó oṣù August fún wa, tí wọ́n bá ṣàánú wa jù wọ́n á san ìlàjì. Lẹ́ẹ̀sìn yìí la fi ń jẹun tá a fi ń san owó súkúù ọmọ tiwa náà. Mo ti rí ohun tẹ́ ẹ máa ń kọ lọ́dọọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà wa jẹ́. Ebi Ń Pa Tíṣà.

Ọmọ mi, mo ti jẹ níbẹ̀ rí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Nínú ọdún 9 tí mo sọ lókè yẹn, August méje ni wọn ò san fún mi, ẹ̀wà ni mo fi gba inú ẹ̀ kọjá.

Àmọ́ ìwọ náà wò ó dáadáa. Owó táàmù kẹta ti wọlé ná, ẹni tó gbà á ò kà ẹ́ mọ́ ìnáwó ẹ̀, ó wá ní kó o lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí lẹ́ẹ̀kan sí i lórúkọ lẹ́ẹ̀sìn, tí wọ́n bá sì sanwó lẹ́ẹ̀sìn yẹn tán, òun náà á yọ tiẹ̀ níbẹ̀. Ta ló wá ba ọjà ta ni jẹ́? Ọjọ́ tó o bá fẹ́ gba iṣẹ́ tíṣà tuntun, béèrè owó August kó o tó béèrè owó September, kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ní ti ọdún yìí, má dúró de súkúù. Kó ọmọ márùn-ún péré jọ ládùúgbò yín, àwọn tó jọ wà ní ipò kan náà, wákàtí méjì láàárọ̀, kó o máà fọwọ́ kan iṣẹ́ kíláàsì tuntun rárá. Ìwé kíkà, ọwọ́ ìkọ̀wé, ìṣirò orí. Lọ́jọ́ Friday kẹ́ ẹ jáde, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ta ẹja létí ọ̀sà, kí wọ́n béèrè orúkọ ẹja, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òbí tí mo mọ̀ máa sanwó èyí ju ti ìdákọ lọ. Tí wọ́n bá ní ó wọ́n, fi èyí tí mo kọ yìí hàn wọ́n.

Ìyá wa, ọmọ mi ọkùnrin ń wọ SS 3 ní September. Mo ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní tutorial tí wọ́n máa ń ṣe láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Òun ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi tó ń ṣe fọ́níṣọ̀ lòún fẹ́ lọ. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Káyọ̀dé, Abẹ́òkúta.

Bàbá Káyọ̀dé, níbi tiyín, ọ̀rọ̀ mi yí padà. SS 3 kì í ṣe ọdún táàmù mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ tàn yín. Kí táàmù kẹta tó rinlẹ̀, WAEC àti JAMB á ti dé, Christmas sì ti gbà nínú ẹ̀. Torí náà ọlidé yìí ṣe pàtàkì, ó gbọ́dọ̀ kàwé.

Àmọ́ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ti pọ̀ jù. Aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, kó gbé past question síwájú, iṣẹ́ kan, ọdún kan, kó yí aago sílẹ̀ bí ẹni pé inú họ́ọ̀lù ló wà, kó máàkì ẹ̀ fúnra ẹ̀, kó wá kọ ohun tó kùnà sínú ìwé kékeré kan. Ìwé kékeré yẹn ló máa kà, kì í ṣe gbogbo textbook. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ní kó fún ní ọjọ́ tó pọ̀ jù torí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní yunifásítì ló ń béèrè méjèèjì. Tó bá di ọ̀sán kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, jàre. Ẹni tó ń wọn pákó, tó ń gé e ní igun, jiométírì ló ń ṣe.

Tí ẹnikẹ́ni níbi tutorial yẹn bá sì rọra pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé àwọn mọ sẹ́ńtà "tó dára" tí ọmọ ti lè kọ WAEC, èrú ni wọ́n ń pè yín sí, ẹ mú ọmọ yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ní Òṣogbo. Lójoojúmọ́ ni mọ́mì mi ní kí n máa da Social Studies kọ láti chapter 1. Mo ti kọ ìwé kan tán. Ọwọ́ ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ mi, mo ti gbọ́. Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ìwé dídà kọ yàtọ̀ sí ìwé kíkà, ẹ pe ọmọ yẹn kẹ́ ẹ bi í ní ohun tó wà ní chapter 3, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, orí ẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin sì ń gbé Òṣogbo! August yìí ni ọdún Ọ̀ṣun, èrò ń ti òkè òkun wá wo igbó Ọ̀ṣun, UNESCO ti kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé láti 2005, ọmọ yín wá wà nílé ó ń da Social Studies kọ. Ẹ mú un lọ wò ó, kó wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó tó ń jẹ́ Susanne Wenger, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ṣe síbẹ̀, kó bi wọ́n pé kí ló gbé òyìnbó láti Austria débẹ̀. Tí ẹ̀sìn ilé yín ò bá fàyè gbà á, ẹ lọ sọ́jà, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń pa aró àdìrẹ.

Ìwọ ọmọ mi, tó o bá dé, kọ ojú ìwé kan ṣoṣo nípa ohun tó o rí, ọ̀rọ̀ tìẹ o, má dà á kọ níbì kankan, kí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá máàkì ẹ̀. Bírò búlúù ni màá lò, torí pupa tí mo ní ti tán lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mi ò sì ra òmíì.