Orúkọ ńlá tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré: ṣé ó tó gbára lé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi gba lẹ́tà ìgbàwọlé láti Macalester College ní St. Paul, ìpínlẹ̀ Minnesota, l'Amẹ́ríkà. Inú mi dùn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe yunifásítì, pé ta la gbọ́ rí pó jáde níbẹ̀. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí orúkọ Kofi Annan lára àwọn tó kàwé níbẹ̀. Ṣé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó ohun tí mo lè torí ẹ̀ ní kó máa lọ? Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, Mà. Ẹ bá mi kí ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lóhùn, torí ohun tí wọ́n ń rò kò ṣàjèjì. Nílé níbí, tá a bá ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibi tí wọ́n ti ń gba NCE ló ń wá síni lọ́kàn. L'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ọdún mẹ́rin lọmọ ń lò ní Macalester, dìgírì gidi ló sì ń gbà, irú èyí tí yunifásítì ńlá ń fúnni. Dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n gbájú mọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn ò sì ju bíi 2,000 lọ, ìyẹn lojú olùkọ́ ṣe ń tó ọmọ. Liberal arts ni wọ́n ń pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé á tún ka ìtàn, èdè àti sáyẹ́ǹsì mọ́ ọn. Bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè dáadáa, torí ọ̀pọ̀ irú kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí ò ní i. Ní ti ìṣègùn àti òfin, lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà ń kọ́ ọ lọ́hùn-ún, ibi yòówù kéèyàn ti gba dìgírì náà.

Ó ku Kofi Annan. Ọdún 1959 ló ti Kumasi dé Macalester, owó ìrànwọ́ Ford Foundation ló gbé e lọ, ó sì gba dìgírì nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1961. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìtàn òtútù àkọ́kọ́ tó bá a níbẹ̀. Ó ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, àmọ́ nígbà tó rí ohun táwọn ará ibẹ̀ fi ń bo etí, ó ní kò bójú mu, òun ò ní fi sétí. Lọ́jọ́ kan tó jáde lọ wá oúnjẹ, òtútù mú un létí débi pé ó kù díẹ̀ kí etí náà gan. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra èyí tó tóbi jù níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ní òun kọ́ ni pé kéèyàn má dé ìlú onílùú kó máa rò pé òun gbọ́n ju onílùú lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló di akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 sí 2006, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2001. Láti 1950 ni wọ́n ti ń ta àsíá àjọ náà nínú ọgbà Macalester. Mi ò ní àsíá ló sọ ọ́ di akọ̀wé àgbà o, àmọ́ ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú wọn ti ń wo òkèèrè kó tó débẹ̀.

Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí irú àkójọ orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ wádìí bóyá ẹni náà kàwé jáde níbẹ̀ tàbí ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Walter Mondale tó ṣe igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní Macalester lóòótọ́, àmọ́ University of Minnesota ló ti gba dìgírì rẹ̀ ní 1951. Obama lo ọdún méjì ní Occidental College ní California, Columbia ló lọ parí sí ní 1983. Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, wọ Reed College ní 1972, sáà kan péré ló lò kó tó ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ò parọ́ tí wọ́n bá dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn nílé wa lálẹ́ ọjọ́ kan àti ọmọ tá a tọ́ dàgbà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ibi tí àkójọ orúkọ ti wúlò jù lójú mi ni ibi tó ti ń fi ọ̀nà hàn. Ẹ wo Lincoln University ní Pennsylvania, ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní 1854. Nnamdi Azikiwe jáde níbẹ̀ ní 1930, ọdún kan náà pẹ̀lú Thurgood Marshall, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí Zik padà wálé, Accra ló ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Kwame Nkrumah lọ́kàn. Ní 1935, Nkrumah wọkọ̀ ojú omi, Lincoln náà ló forí lé, ó sì gba dìgírì níbẹ̀ ní 1939. Ẹnì kan lanà, ẹnì kejì tọ̀ ọ́.

Nítorí náà, Mà, ọmọ Nàìjíríà tó jáde ní Macalester láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó gba ọmọ wọlé, ẹ ní kí wọ́n fi yín mọ ẹni méjì. Oṣù mélòó ni wọ́n fi wá iṣẹ́ kí wọ́n tó rí i? Gbèsè mélòó ni wọ́n gbé jáde? Tí wọ́n bá ti họ́sítẹ́ẹ̀lì pa nígbà ọlidé, ibo ni wọ́n ń sùn? Èmi fúnra mi ti ṣàṣìṣe rí. Orúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ló fa èmi àti ọmọ kan tí mo ń tọ́ sọ́nà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan. Ìgbà tọ́mọ débẹ̀ la tó mọ̀ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ló kù ní ẹ̀ka náà. Ó ń dùn mí dòní.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ọdún kan níbẹ̀, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ, ju $70,000 lọ. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, torí Macalester ń ṣèlérí láti dí àlàfo tó bá wà láàárín iye yẹn àti ohun tí wọ́n bá ṣírò pé agbára òbí ká, fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbà. Ẹ tẹ́ lẹ́tà owó ìrànwọ́ náà sórí tábìlì, kẹ́ ẹ mú báírò. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí "grant" tàbí "scholarship", ẹ fàlà sí i nídìí: ẹ̀bùn ni. Ẹ fi òbìrí yí "loan" po: gbèsè ni. "Employment" jẹ́ owó tọ́mọ ò tíì ṣiṣẹ́ fún, òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ ò sì gbà kó ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ yọ ẹ̀bùn nìkan kúrò nínú owó ọdún, kẹ́ ẹ sọ ìyókù di ìlọ́po mẹ́rin. Iye yẹn ni kẹ́yin àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jọ jókòó lé lórí.

Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ló ń fẹ́ èsì kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ẹ má fi falẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹnu kò pé kó máa lọ, ẹ má ra kóòtù òtútù fún un ní Gbági. Ẹ fún un lówó ẹ̀ dání, kí ará ibẹ̀ kan bá a yàn án tó bá dé ọ̀hún, kó má sì gbàgbé ohun tí wọ́n fi ń bo etí.