Ṣé Kí N Sọ Gbogbo Ohun Tó Ń Ṣe Mí Fún Wọn Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámà Nọ́ọ̀sì. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni mò ń gbà báyìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ gbabẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fún mi ní fọ́ọ̀mù: ìbéèrè 30, wọ́n á tún fi 23 mìíràn lé e. Ṣé mò ń rí oorun sùn? Ṣé apá mi wú? Wọ́n tiẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi! Nọ́ńbà 1, ìyẹn "rárá", ni mo máa ń mú, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ráhùn, dókítà á dá oògùn dúró. Ọmọ mi obìnrin wá ní òun á máa bá mi kọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yín kò yà mí lẹ́nu. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn tí ìrora ń bá fínra jù ló máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe ìdánwò. EORTC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Yúróòpù, tó wà ní Brussels, ló ṣe é. Èyí tó ní ìbéèrè 30 wà fún oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, ó jáde ní 1993. Ti ọmú tẹ̀lé e ní 1996. Wọ́n á ṣírò ìdáhùn yín sórí 100, wọ́n á sì fi wé ti àtẹ̀yìnwá. Bí nǹkan kan bá fi nǹkan bíi máàkì 10 yí padà, ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tó fà á. Ẹni tó ti ń kọ "rárá" látìbẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi wé kí ni?

Òótọ́ ni pé dókítà lè dín kímò kù tàbí kó sún un síwájú. Ṣùgbọ́n èébì ní oògùn tirẹ̀, ìrora náà ní, ibẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Èyí tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi pamọ́ ni bí ìka ọwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ yín bá ń kú, tí ẹ kò lè de bọ́tìnì aṣọ yín mọ́. Àwọn kímò kan máa ń ba iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́. Bí a bá dákẹ́ lé e, ó lè má lọ mọ́. Fọ́ọ̀mù méjèèjì yẹn kò sì béèrè rẹ̀, ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè 29 àti 30. Àwọn yòókù ń lọ láti 1 dé 4, tí 1 sì dára jù níbi ìṣòro. Méjì yìí ń lọ láti 1 dé 7, 7 ló sì dára jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ 1 á kàn fa bírò yí 1 ká níbẹ̀ náà, ó ti sọ pé ìlera òun burú jáì nìyẹn!

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sábà ń béèrè. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ara yín máa ń fọ́, ẹ ó ti gbádùn díẹ̀ kí fọ́ọ̀mù mìíràn tó dé. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé "ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le." Ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ọkọ yín, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè. Bí kò bá wù yín, ẹ fò ó.

Ọmọ yín lè kà á sí yín létí, kó sì bá yín mú nọ́ńbà tí ẹ bá dá. Kó má fi tirẹ̀ sí i.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2017, lórí ènìyàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn káàkiri ara. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà ròyìn bó ṣe ń ṣe wọ́n, nọ́ọ̀sì sì ń rí i bó bá ti le. Ìdajì wọn ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù 31. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, oṣù 26 ni.

Bí ara yín bá sì gbóná dé 38 lórí tẹmómítà lásìkò kímò, ẹ má dúró de fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.