Ẹ má dúró dìgbà tó bá rù tán

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ní bàbá àwọn ọmọ yín tí MND (motor neurone disease, àìsàn tó ń gba agbára ẹran ara díẹ̀díẹ̀) ń ṣe ti já láti kílò 81 sí 73 láàárín oṣù márùn-ún. Ẹ ní ìyá ọkọ yín ń sọ lórí fóònù láti ilé pé ẹ ò fún ọmọ òun lóúnjẹ. Ẹ tún ní ọkọ yín fúnra rẹ̀ ti fàáké kọ́rí, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rọ́bà tí àwọn dókítà fẹ́ fi sí i níkùn kí oúnjẹ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí ẹ wá béèrè ni oúnjẹ tó lè mú un sanra padà.

Èmi náà ni MND ń ṣe. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo wà. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù: kílò mẹ́jọ nínú 81 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn ló yẹ kó ṣíwájú ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Èmi dúró, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Kílò 88 ni mo wọ̀n nígbà tí ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí dókítà ti ń bá mi wí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, pé kí n dín epo kù, kí ikùn mi lọ sílẹ̀. Nígbà tí ṣòkòtò wá ń ṣò lára mi, inú mi dùn. Wọ́n ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti ń dà bí ọ̀dọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹran itan mi àti ti apá mi ló ń jò. Àwọn okùn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wá fún ẹran ara ni àìsàn yìí ń pa, ẹran ara tí kò bá sì rí iṣẹ́ gbà mọ́, jíjò ló ń jò.

Kò tán síbẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń jó oúnjẹ ju bó ṣe yẹ lọ, kódà bí a ò bá kúrò lójú kan, bíi mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ò ní lè gbé ṣíbí mọ́, tí àgbọ̀n á máa rẹni, tí ahọ́n ò ní lè yí oúnjẹ padà lẹ́nu. Wákàtí kan á ti lọ, àwo ò ní tí ì dé ìdajì, ọbẹ̀ á sì ti tutù. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé mo ti yó. Mi ò yó. Ó rẹ̀ mí ni. Ẹ ka ibi yìí sétí ìyá ọkọ yín, ẹ ní ẹni tó ń ṣe ló sọ ọ́: ẹ lè se odindi ìkòkò kan lójúmọ́, kó sì máa rù.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni ààwẹ̀. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 fún ìwòsàn. Mo gbà á láti àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo bá sì máa ṣínu, agbára ìjẹun ti tán lára mi. Kílò mẹ́rin ló lọ nínú ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn, kò sì padà wá mọ́. Mo gba Ọlọ́run gbọ́ lónìí bí mo ṣe gbà á gbọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọkọ yín gbààwẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ bá a gbà á, kí òun jẹun.

Ẹ béèrè ohun tó lè máa jẹ. Gaàrí mímu ni mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Omi rẹ̀ á ti sáré lọ, gaàrí á dúró lẹ́nu, ẹ̀pà tún wà níbẹ̀, ọ̀fun tí kò lágbára ò sì ní mọ èyí tó máa kọ́kọ́ gbé. Oúnjẹ tí omi àti eérún bá jọ wà nínú rẹ̀ máa ń dà wá láàmú gan-an. Ìrẹsì gbígbẹ, ẹran, ẹ̀fọ́ tó ń fà, gbogbo wọn ló tẹ̀lé gaàrí. Nígbà tó yá, omi lásán ń sá sí ọ̀nà èémí mi, ikọ́ á gbé mi títí ojú mi á fi pọ́n. Ni mo bá ń sá fún omi, ìgbẹ́ wá há, ìyẹn náà tún pa oúnjẹ mọ́ mi nínú. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n máa ń kọ fúnni láti fi mú omi ki. Ẹ béèrè fún un.

Ògì tó ki ló gbà mí. Mílíìkì ọlọ́ràá ni ìyàwó mi fi ń ṣe é, kì í fi omi ṣe é mọ́. Á ro ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ ọn, á fi ṣíbí bọ́tà kan lé e. Abọ́ kékeré kan bẹ́ẹ̀ ṣe mí láǹfààní ju àwo ńlá tí mo máa jẹ kù lọ. Ó ń se mọ́ínmọ́ín tó rọ̀, tó po ẹyin àti òróró dáadáa mọ́, kò sí ẹja eléegun nínú rẹ̀. Ó ń gún àsáró kó má ku ẹyọ kan, epo pupa á sì dán lórí rẹ̀. Píà tí wọ́n ń tà ní Peckham, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹyin. Epo tí wọ́n ní kí n sá fún lọ́jọ́sí, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn ló ní kí n padà sídìí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, mo máa ń jókòó gbọnrangandan, tẹlifíṣọ̀n á wà ní pípa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Bí ọkọ yín bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú èyí.

Àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ewédú ṣì ń lọ lọ́fun mi fún bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí iyán ti kọ̀, torí iyán máa ń lẹ̀ mọ́ mi lájà ẹnu. Ẹ má fi tèmi wọn tirẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí oníṣègùn tó ń wo bí èèyàn ṣe ń gbé oúnjẹ mì wò ó kó tó tún gbé òkèlè kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bọ́tà ni oògùn rẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n fi ọ̀rá tó ní kálórì 405 kún oúnjẹ àwọn aláìsàn wa lójoojúmọ́. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020, tí wọ́n bá kó gbogbo wọn pọ̀, wọn ò pẹ́ láyé ju àwọn tí kò gbà á lọ. Àwọn tí àìsàn wọn ń sáré ló jọ pé ó ràn lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ máa ń sanra nítorí pé wọn ò rìn mọ́, ìyẹn sì ṣòro fún ẹni tó ń gbé wọn. Àwọn náà ò gbọ́dọ̀ dá oúnjẹ dín kù fúnra wọn.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, omi ló wà níbẹ̀, kílò yẹn á tàn yín jẹ. Nígbà tí mo bọ́ sórí àga onítáyà, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò sẹ́ni tó wọ̀n mí ní ilé ìwòsàn tí mo ń lọ, torí mi ò lè dìde dúró. Kílò márùn-ún lọ nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń ti àga onítáyà gùn wà, ẹ bèèrè fún un ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ.

Ó wá ku rọ́bà. Ọkọ yín ní bí wọ́n bá ti lè ki rọ́bà bọ inú òun, ó ti parí fún òun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ nìyẹn gẹ́lẹ́, mo sì fi oṣù mẹ́jọ sọ ọ́. Nígbà tí mo fi máa gbà, mo ti dé kílò 77, èémí mi ti lọ sílẹ̀, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja mọ́. Nítorí èémí yẹn, wọn ò lè fún mi ní oògùn oorun kí wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀fun fi í sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn. X-ray ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà, awọ ikùn ni wọ́n gbà wọlé, ẹ̀rọ tó ń ti èémí sì wà lójú mi títí wọ́n fi ṣe tán. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Gbogbo ẹ̀ ì bá rọrùn ká ní mo gbà lásìkò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe káàkiri ilé ìwòsàn 24 ní Bìrìtéènì, tó jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn tó ti sọ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara wọn nù kí wọ́n tó fi rọ́bà sí wọn, ẹ̀mí wọn kì í gùn tó ti àwọn tí wọ́n tètè gbà á.

Mo jẹ̀rora fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, mo ti padà sí kílò 80. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àwọn mìíràn ń rù síwájú sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pé rọ́bà yìí ò ní kó má fi ẹnu jẹun mọ́. Ẹ̀rọ ló ń fún mi lóúnjẹ lóru tí mo bá ń sùn, rọ́bà ló ń gba oògùn àti omi mi. Ní ọ̀sán, mo ń jẹ ògì mi nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Ìjà orí tábìlì sì ti tán nílé wa. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi á máa bẹ̀ mí pé ṣíbí kan sí i, màá yí ojú kúrò, á sì wọ kíṣìnì lọ sunkún. Mo ń gbọ́ ọ. Ní báyìí a kàn ń jókòó ti ara wa ni.

Bí ó bá gbọ́ gbogbo èyí tó sì tún kọ̀, ara rẹ̀ ni, kẹ́nikẹ́ni má fi tipá mú un. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé àǹfààní náà kì í dúró deni. Bí èémí bá ti ń sún mọ́ ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́, ewu fífi í sí i ń pọ̀ sí i. Ẹ pe nọ́ọ̀sì MND yín lọ́la, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ bi í léèrè iye tí èémí ọkọ yín wà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n.