Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Òṣíbàtà àti Omi Tó Ń Gbé

Ẹ kú iṣẹ́ o. A máa ń wúre pé òṣíbàtà ní í lékè odò, ó sì pọ̀ lórí adágún ẹ̀gbẹ́ oko wa. Àmọ́ ọmọ mi ní òun kà á pé àwọn irúgbìn inú àbàtà ń parẹ́. Ṣé òṣíbàtà wà lára wọn?

Òṣíbàtà olódòdó funfun, tí àwọn onímọ̀ irúgbìn ń pè ní Nymphaea lotus, kò sí lára wọn. Nínú àkójọ pupa tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun alààyè, fi ń wọn ewu tó dojú kọ ẹranko àti irúgbìn, ìpele tí ewu rẹ̀ kéré jù lọ ló wà. Ó wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, láti Íjíbítì wá sí apá gúúsù.

Ṣùgbọ́n gbogbo òṣíbàtà ayé ni ìpele yẹn ń sọ, kì í ṣe ti adágún yín. Nítòsí ìlú Oradea ní Ròmáníà, òṣíbàtà funfun kan wà nínú adágún tí omi gbígbóná ń sun sí. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n ń fa omi náà ju bó ṣe ń sun lọ. Adágún gbẹ, òṣíbàtà ibẹ̀ sì lọ. Kò sẹ́ni tó fà á tu. Omi rẹ̀ ni wọ́n mú.

Òṣíbàtà máa ń bo ọ̀gọ̀dọ̀ kan ládùúgbò wa lásìkò òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo rẹ̀ a kú. Àwọn kan fẹ́ kó ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò kí ó lè jìn sí i. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o. Ewé ló kú, òṣíbàtà kò kú. Iṣu rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, hóró rẹ̀ náà wà níbẹ̀, òjò ni wọ́n ń dúró dè. Ẹni tó bá kó ẹrẹ̀ ti kó méjèèjì lọ.

Jíjìn tí wọ́n fẹ́ kí ó jìn ni ìṣòro kejì. Omi tó dúró tàbí tó rọra ń ṣàn, tí kò níyọ̀, tí oòrùn ń pa, tí kò sì jìn ju nǹkan bíi mítà méjì lọ, ni òṣíbàtà fẹ́. Inú ẹrẹ̀ ni ewé tuntun ti ń gòkè wá wá oòrùn. Bí omi bá jìn jù tàbí tó rú, oúnjẹ inú iṣu á tán kí ewé tó yọjú.

Ẹ gé igi ewé rẹ̀ kan ní ìbú, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ máa rí àwọn ihò tó gba inú rẹ̀ kọjá lọ gbọọrọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ iṣu nínú ẹrẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ kankan. Òkè ewé, níbi tó ń dán, ni àwọn ihò tíntìntín tó fi ń mí wà. Kò sí nísàlẹ̀ tó kan omi. Ìdí nìyí tí omi tó ń ru gùdù fi ń pa á lára.

Pípadé ni mo ń bá òdòdó rẹ̀ lọ́sàn-án. Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?

Ara rẹ̀ le. Alẹ́ ló ń ṣí, á sì padé kí ọ̀sán tó pọ́n; òdòdó kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Mo hú òṣíbàtà kan lódò, mo gbìn ín sínú táǹkì, ó jẹrà. Kí ló fà á?

Ìgbẹ́ ẹran tí a pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, orí iṣu tí a bò mọ́lẹ̀, tàbí omi tó jìn lójijì: ọ̀kan nínú wọn ni. Ìgbẹ́ ń jẹrà lábẹ́ omi, iṣu á sì bá a jẹrà.

Ẹ fi iṣu sílẹ̀ lódò, hóró ni kí ẹ lò. Bí òdòdó bá rọ, abẹ́ omi ni èso ti ń gbó. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í, torí bó bá bẹ́, hóró á léfòó fún ìgbà díẹ̀ kó tó rì, omi á sì gbé e lọ. Èso kan ti tó, hóró inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ da amọ̀ tí kò ní ìgbẹ́ sínú abọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fọ́n hóró sí i, ẹ bu yanrìn díẹ̀ lé e, kí omi tó bò ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ibi tí oòrùn ti ń pa á fún wákàtí 6, ó kéré tán, ni kí ẹ gbé e sí. Bí ewé bá ti ń tẹ́ sójú omi, ẹ máa fi omi kún un díẹ̀díẹ̀, kó má kọjá sẹ̀ǹtímítà 60.

Gbéborùn, koríko ojú omi tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, ti ń bo adágún wa. Ṣé ká fín oògùn apakoríko sí i?

Rárá o. Oògùn náà lè pa òṣíbàtà mọ́ ọn. Gbéborùn tó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà á rì, á jẹrà, á fa afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á sì kú. Òjìji ni irúgbìn tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá yìí fi ń pa òṣíbàtà, nítorí náà ẹ ṣí ojú omi sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kó o kó tó yọ òdòdó, ẹ dà á jìnnà sétí omi kí òjò má gbá a padà. Ẹ fi koríko sílẹ̀ láàárín oko àti adágún kí ajílẹ̀ má ṣàn wọlé, torí ajílẹ̀ ni gbéborùn ń jẹ sanra. Hóró rẹ̀ lè pẹ́ lọ́dún púpọ̀ nínú ẹrẹ̀, nítorí náà ẹ máa yẹ ibẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fa èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.