Ohun tí ilé ẹjọ́ ń wá lọ́kàn ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn fàyàwọ́ kàn

Ẹ béèrè bóyá ẹni tó bá oníbàárà kó ẹrù wọlé láìtú u wò lè jẹ̀bi fàyàwọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀sùn yìí kàn mí rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì bọ́, nítorí náà ohun tí mo rí níbẹ̀ ni n óò fi dá yín lóhùn.

Lábẹ́ abala 170 òfin kọ́sítọ́ọ̀mù wọn ti ọdún 1979, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀tàn tí wọ́n fi sá fún owó bodè tàbí tí wọ́n fi kó ọjà èèwọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ẹjọ́ Hussain ní 1969 ni wọ́n ti là á pé kò pọn dandan kó mọ irú ọjà náà gan-an. Bó bá ti mọ̀ pé ọjà tí òfin kà léèwọ̀ ni, ó ti tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni ẹjọ́ Taaffe ní 1984. Igbó ni ọkùnrin yìí gbé wọlé, owó ló rò pé òun gbé, ó sì rò pé òfin ka kíkó owó bẹ́ẹ̀ wọlé léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin tó kà á léèwọ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí pé ká ní ohun tó gbà gbọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti gbà nígbà tí agbẹjọ́rò mi kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, torí ọkùnrin náà fẹ́ rúfin lóòótọ́.

Ẹ má fi ìyẹn sinmi o. Ní Amẹ́ríkà, ní 1976, Jewell wa ọkọ̀ wọlé láti Mẹ́síkò. Ó mọ̀ pé ihò ìkọ̀kọ̀ kan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ̀ pé igbó ló wà nínú ihò náà. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó fura, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò kí ó má baà mọ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀.

Nínú ẹjọ́ tèmi, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi wá ọkàn mi. Iye tí wọ́n san fún mi ni wọ́n yẹ̀ wò, àti orúkọ tó wà lórí ìwé ẹrù, àti bóyá mo pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi béèrè ìwé ọjà lọ́wọ́ oníbàárà, àti ìwé irọ́ tó fi dá mi lóhùn, ló gbà mí. Ọkọ̀ mi ní tirẹ̀ kò padà, nítorí òfin gbígbẹ́sẹ̀ lé ẹrù àti ọkọ̀ tó gbé e kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni.