Kí ni "ecchymosis"?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, lẹ́yìn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá ìyá mi, ojú abẹ́rẹ́ náà dúdú, dókítà sì kọ "ecchymosis" sínú káàdì wọn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, níbo ló sì ti wá?

Ìdáhùn: Inú wa dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí ó tọ́ kí aláìsàn mọ ohun tí wọ́n kọ nípa ara rẹ̀. Èdè Gíríìkì ló ti wá: "ek" ni jáde, "khymos" sì ni oje, irú èyí tó ń jáde lára ọsàn tí a bá fún un. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ti jò kúrò nínú iṣan, ó sì ti tàn kálẹ̀ lábẹ́ awọ láìjẹ́ pé awọ ya níbẹ̀. Bí àmì náà bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ ni àwọn dókítà máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi pe "contusion" o. Láti inú èdè Látìn ni ìyẹn ti wá, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a gún nǹkan, bí ẹni ń gún un nínú odó. Ìpalára tí ara ní nígbà tí nǹkan bá lù ú ló ń tọ́ka sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó tú síbẹ̀ nìkan ni "ecchymosis" ń sọ, yálà ẹnikẹ́ni lu ara tàbí kò lù ú. Tí ẹ bá ń wo apá màmá lójoojúmọ́, ẹ ó rí i tí dúdú náà ń di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà àwọ̀ ìyeyè, bí ara ti ń tú ẹ̀jẹ̀ náà palẹ̀.